Ìwé Dókítà Dà?

Àárọ̀ Sátidé ni, lábẹ́ kánópì tí wọ́n ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi ìpàdé onílé àti ayálégbé ní Raji Rasaki Estate, ní Amuwo-Odofin, l'Ékòó. Wọ́n ti pín omi inú ọ̀rá tán, akọ̀wé ń ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ọdẹ, ni ẹnì kan bá mú ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan wọ àgbo. Mi ò ní í sọ òpópónà tí wọ́n ń gbé, mi ò sì ní í sọ ọmọ ọdún mélòó ni. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Bàbá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún gbé fáìlì rẹ̀ lé orúnkún, ó yọ awò ojú, ó béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Ìwé dókítà dà?" Orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì kiri àgbo. Ìyá ọmọ kò sí ní ìjókòó láti fèsì. Kí á tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ tiransífọ́mà la ń sọ.

Ìbéèrè yìí ti sú mi dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo ti gbọ́ ọ nínú dánfó láti Mile 2 dé Òṣòdì. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Apple Junction. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ààfáà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé débi tó yẹ kí ojú tì wọ́n. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí: láìsí ìwé dókítà, kò sí ìfipábánilòpọ̀, bí ilé ẹjọ́ Ìkẹjà bá tilẹ̀ dá ẹnì kan lẹ́bi, bó bá dé Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, wọn yóò da ẹjọ́ náà nù bí omi ìfọṣọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tìdánilójú-tìdánilójú yẹn ló ń bí mi nínú jù.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tiwọn bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ dáadáa. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó, abala 137 fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Abala 260 fi irú rẹ̀ lélẹ̀ fún ẹni tó bá fipá bá obìnrin lò pọ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére kì í ṣe owó ìtanràn. Kí ẹjọ́ tó dé ìdajì, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ìdílé rẹ̀ ti tú, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹnu sì ń purọ́, gbogbo wa la mọ̀. Ìjà ilẹ̀ wà, ìjà owó ilé wà, ìjà tọkọtaya wà, àwọn ènìyàn a sì máa fi ẹ̀sùn gba ẹ̀san. Wọ́n ní ìwé kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ọ̀tá. Ohun tí dókítà rí ló kọ. Àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà kì í rí ojú ẹlẹ́rìí. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ń kà. Kí ni kí wọ́n wá gbà gbọ́ bí kì í bá ṣe ìwé? Wọ́n á sì fi dókítà kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ilé ẹjọ́ Ìkẹjà sọ sẹ́wọ̀n gbére ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní kó máa lọ sílé rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Wọ́n á ní ó lé lọ́dún kan lẹ́wọ̀n, lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ibi tí wọ́n sá sí ni kò ní òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ara ènìyàn, nítorí òun ni wọ́n sọ pé dókítà ń kà bí ìwé. Ní ọdún 2004, àwọn oníṣègùn kan ní Texas, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde àyẹ̀wò kan jáde. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin 36 ni wọ́n yẹ̀ wò, gbogbo wọn pátá ló lóyún. Nínú àwọn 36 yìí, àwọn 2 péré ni àyẹ̀wò abẹ́ wọn fi hàn dájúdájú pé nǹkan kan ti wọlé síbẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Oyún wà níkùn àwọn 34 yòókù o, dókítà ò sì rí àmì gidi kan tó lè tọ́ka sí. Ṣé atẹ́gùn ló fún wọn lóyún ni? Bí bàbá onífáìlì wa bá wà ní Texas lọ́jọ́ yẹn, ohun tí yóò sọ fún ìyá àwọn 34 yẹn ni pé ọmọ wọn ò tíì mọ ọkùnrin.

Kì í ṣe ọmọ Texas nìkan. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ní 1994, dókítà Joyce Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ àwọn ọmọ 236 wò, àwọn tí ìwádìí òfin ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n bá wọn ṣe ìṣekúṣe. Nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn fi àmì tó dájú hàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mìíràn sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí àyẹ̀wò kankan láyé tó lè fi hàn bóyá obìnrin ti bá ọkùnrin sùn rí tàbí kò tíì bá a sùn. Ohun tí à ń pè ní ìbálé, tí ìyá ọkọ ayé àtijọ́ ń fi aṣọ funfun wá, kì í ṣe èdìdì tó ń já bí ọ̀rá bisikíìtì. Awọ tó ń nà ni, ó sì ń yára jinná. Ẹni tó bá ti fi eyín gé inú ètè ara rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ ẹran mọ̀ bí ibi tó tutù nínú ara ṣe máa ń ṣe: lọ́jọ́ kẹta, ẹ ò ní í rí ojú ibẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kẹta yẹn sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ohun tí ìyá máa ń ṣe. Ọmọ dé pẹ̀lú omijé, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń di ìyá rẹ̀ mú. Ìyá gbé omi kaná. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fi kànìnkànìn fọ itan rẹ̀, ó ń sunkún bó ti ń fọ̀ ọ́. Ó bọ́ pátá ọmọ náà, ó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ nínú báfù aláwọ̀ búlúù, ó fún un, ó sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé láàrin àwọn aṣọ ilé ìwé. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbẹ. Ìfẹ́ ni gbogbo èyí. Kò sí ìyá tí wọ́n kọ́ pé ó ń fọ ẹ̀rí nù. Lẹ́yìn náà ni bàbá á dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á pe àbúrò bàbá, pásítọ̀ á ní kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ yìí gbàdúrà ná. Nígbà tí wọ́n bá fi wọkọ̀ dé Òṣòdì, tí wọ́n tún wọ òmíràn dé Ìkẹjà, ní Mirabel Centre, ibùdó ìtọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH láti oṣù Keje ọdún 2013, wákàtí 72 tí oògùn ìdènà kòkòrò HIV ń béèrè ti kọjá, ẹ̀rí ara náà ti lọ. Kí ni dókítà yóò rí? Ọmọ tó mọ́ tónítóní. Ohun tó rí náà ni yóò kọ: kò sí ọgbẹ́. Òtítọ́ ló kọ. Àwa la máa mú òtítọ́ náà, tí a ó sọ ọ́ di irọ́, tí a ó ní "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Kò ṣẹlẹ̀."

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ sọ pé dókítà rí ọgbẹ́. Ó dáa. Ọgbẹ́ ta ni? Ìwé dókítà lè sọ pé nǹkan ya. Kò lè sọ pé Lágbájá ló ya á. Kò lè sọ bóyá àgbàlagbà obìnrin kan gbà tàbí kò gbà, nítorí ìgbà míì wà tí ẹni tó gbà máa ń fara bó, ẹni tí wọ́n sì gbé ọ̀bẹ sí lọ́rùn á dùbúlẹ̀ gbọnrangandan láìní àpá kan. Nínú ẹjọ́ Iko tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 2001, ìlànà tí wọ́n gùn lé ni pé ẹ̀rí tí a bá fi ti ọ̀rọ̀ olùfisùn lẹ́yìn gbọ́dọ̀ nawọ́ sí olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀. Kò tó kó kàn sọ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin náà. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù aláìṣẹ̀ ń bà, ṣé ẹ ò rí i pé ìwé yín yìí lè pa aláìṣẹ̀? Ẹ fún àwùjọ tó ti gbà pé ìwé dókítà ni òpin ọ̀rọ̀ ní ìwé kan tó sọ pé ọmọ ti bàjẹ́, kí ẹ wá wo bí wọ́n ṣe máa so ó mọ́ ọrùn ẹni àkọ́kọ́ tí wọn kò fẹ́ràn ládùúgbò, àgàgà bó bá jẹ́ mẹ́gádì.

Àwọn kan á ní àwọn ò sọ ti ara, òfin làwọn ń sọ. Òfin wo? Abala 200 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé, yàtọ̀ sí àwọn ọ̀ràn díẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ dárúkọ, kò sí iye ẹlẹ́rìí pàtó tí a nílò kí ohunkóhun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan tó, bí adájọ́ bá gbà á gbọ́. Ìfipábánilòpọ̀ kò sí lára àwọn ọ̀ràn tó yọ sọ́tọ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ẹ̀rí dókítà dára kó wà, àmọ́ kì í ṣe dandan. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n lè rọ̀ mọ́ ni abala 209: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra, òfin sì fẹ́ kí ẹ̀rí mìíràn ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ka abala náà parí. Ẹ̀rí mìíràn tó nawọ́ sí olùjẹ́jọ́ ló béèrè, kò dárúkọ dókítà. Aládùúgbò tó rí i tó ń ti ilẹ̀kùn lè jẹ́ ẹ̀rí yẹn. Ọ̀rọ̀ tí olùjẹ́jọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ lè jẹ́ ẹ̀rí yẹn. Ìwé dókítà tí kò dárúkọ ẹnì kan, òun gan-an ló lè má tó.

Ibo tilẹ̀ ni àṣà ìfura yìí ti wá? Kò ti ọ̀dọ̀ àwọn baba wa wá. Àwọn kò ní dókítà kankan láti kọ̀wé, ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n ń pè síwájú àgbà láti bi wọ́n léèrè. Adájọ́ òyìnbó kan, Matthew Hale, tó kú ní 1676, ló fi sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1736 pé ẹ̀sùn yìí rọrùn láti fi kan ènìyàn, kí adájọ́ máa ṣọ́ra. Òyìnbó kó o wá fún wa. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìhà Gúúsù, abala 218 sọ pé ẹni tó bá ba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 jẹ́, bí oṣù méjì bá ti kọjá láìpẹ̀jọ́, ẹjọ́ ti kú. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan nìkan kò sì lè dá a lẹ́bi. Oṣù méjì! Gbèsè gáàrì kì í kú lóṣù méjì. Òyìnbó fúnra wọn ti fagi lé ìkìlọ̀ tí adájọ́ wọn gbọ́dọ̀ máa ṣe lórí ọ̀rọ̀ olùfisùn láti 1994. Èkó náà ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, kò sì fi oṣù méjì kankan sí i. Olówó aṣọ ti bọ́ ọ jùnù, àwa ṣì ń fi wọ́ ilẹ̀ kiri Amuwo-Odofin.

Ká wá padà sọ́dọ̀ aláìṣẹ̀, nítorí òun ni wọ́n máa ń gbé síwájú bí asà. Dókítà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2024 yẹn, kí ló gbà á? Àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn mú ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí, wọ́n gbé e yẹ̀ wò ní gbólóhùn-gbólóhùn, wọ́n ní ó takora, wọ́n ní kò dúró. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí a yẹ̀ wò ló tú u sílẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ tèmi sì ni àpẹẹrẹ yín dúró sí. Ààbò aláìṣẹ̀ wà nínú ìbéèrè tí agbẹjọ́rò rẹ̀ ń da bo ẹlẹ́rìí: aago mélòó, yàrá wo, aṣọ wo, ta ni o kọ́kọ́ sọ fún? Abala 234 nínú Òfin Ẹ̀rí ní kí wọ́n má bi olùfisùn nípa ọkùnrin mìíràn tó bá sùn rí, àfi bí ilé ẹjọ́ bá yọ̀ǹda. Kò ní kí wọ́n má bi í nípa ọkùnrin tó wà níwájú adájọ́. Irọ́ ṣòro láti gbé dúró fún wákàtí mẹ́ta nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá ti wo ẹjọ́ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á tún ní ìwé nìkan ni adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn ń kà. Kí ló wà nínú ìwé náà? Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ, tí adájọ́ fi gègé kọ sílẹ̀ bó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀, èwo ni kì í ṣe ìwé níbẹ̀? Òun gan-an ló wúwo jù nínú ìdìpọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìwé mìíràn wà tó ń gbé ẹjọ́ ró tàbí tó ń wó o, tí kò sẹ́ni tó ń béèrè wọn lábẹ́ kánópì: ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí bí olùpẹ̀jọ́ kò bá fi hàn pé ọmọdé ni ọmọ náà, abala 137 kò ní ohun tó máa dì mú; àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá, pẹ̀lú déètì; ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ sórí fóònù láago méjì òru pé "dárí jì mí." Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2022, Adájọ́ Oluwatoyin Taiwo ní Ìkẹjà rán òṣèré tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀ṣà lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, ó sì dá a láre lórí ẹ̀sùn kíki nǹkan bọ abẹ́ ọmọ kan. Fídíò kámẹ́rà inú ilé ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́. Fífọwọ́ pa ọmọ lára lọ́nà àìtọ́ wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá a lẹ́bi. Dókítà wo ló fẹ́ rí ìka ọwọ́ lára itan? Dígí wo ni yóò fi wò ó? Bí ìbéèrè bàbá onífáìlì bá jẹ́ òfin, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ wa láti ọjọ́ yìí kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rárá.

Bó bá sì jẹ́ pé bébà ni òdodo, kí á rántí ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, tí ilé ẹjọ́ gíga Igbóṣẹ̀rẹ̀ jóná pẹ̀lú fáìlì inú rẹ̀. Ṣé gbogbo ohun tó wà nínú àwọn fáìlì yẹn kò ṣẹlẹ̀ mọ́ ni?

Ohun tí mò ń sọ kò ní àbùlà. Ẹlẹ́rìí kan láàrin ẹlẹ́rìí ni ìwé dókítà. Bó bá wà, ẹ mú un wá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹlẹ́rìí yòókù wò: ta ló kọ ọ́, ọjọ́ wo, kí ló rí, kí ni kò lè rí. Bí kò bá sí, ẹjọ́ ṣì wà. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó dúró níwájú adájọ́, tí wọ́n fi ìbéèrè lù ú síwá sẹ́yìn tí kò sì yẹ̀, ẹ̀rí ni, ẹ̀rí gidi, ó sì tó láti rán ọkùnrin lọ sẹ́wọ̀n gbére, kó sì dúró ní Kòtẹ́milọ́rùn. Bó bá sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 ni, ohun tó bá nawọ́ sí olùjẹ́jọ́ ni kí a wá kún un, kí a yé wá bébà lásán. Ẹni tó bá ń béèrè ìwé dókítà kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀daràn ló ń ṣe agbẹjọ́rò fún lọ́fẹ̀ẹ́, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Ìyá ọmọ yẹn, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ gbéra. Àgọ́ ọlọ́pàá Area E wà ní Festac. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ dání, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ sì rí i pé wọ́n kọ déètì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí Mirabel ní Ìkẹjà, bó tilẹ̀ ti pẹ́, nítorí ara rẹ̀ ló nílò dókítà, kì í ṣe ẹjọ́ nìkan. Wọn kì í gba owó níbẹ̀.